Ẹni Tó Fẹ́ Lọ Wo Erin

Ìyá arúgbó náà kú lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì wà lábẹ́ aṣọ ìbora, wọ́n sì ti ya irun rẹ̀ dáadáa. Nọ́ọ̀sì tó wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án ló rí i pé ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Òun ló pe ọlọ́pàá.

Dókítà ọlọ́pàá kò pẹ́ lórí òkú náà. Ó ní nǹkan rírọ̀ ni wọ́n fi dí i nímú àti lẹ́nu, láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà òwúrọ̀. Ó yọ fọ́nrán òwú kan láàárín eyín rẹ̀. Òwú náà ní àwọ̀ ewé gbígbẹ. Ìrọ̀rí mẹ́rin ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, funfun sì ni gbogbo wọn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin ni, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa pè é ní Má-rẹ́rìn-ín bí kò bá sí nítòsí. Ó ń dúró kí àánú ṣe é. Àánú kò ṣe é. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì ti mọ bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ láìsí i.

Ìwé kan wà lára ògiri, wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i. Wákàtí méjì-méjì ni wọ́n kọ sí i: apá ọ̀tún, apá òsì, apá ọ̀tún. Àkọsílẹ̀ tó kẹ́yìn ni aago mẹ́rin òwúrọ̀: apá òsì.

"Kí lèyí?"

"Yíyí ìyá ni, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Rọpárọsẹ̀ ni. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀, bí ẹ ò bá yí i ní wákàtí méjì-méjì, ara rẹ̀ á dá egbò. Ọdún mọ́kànlá, kò sí egbò kan lára ìyá yìí. Ọmọ wọn obìnrin nìkan ló ń ṣe é. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ ọ̀hún gan-an ò lè ṣe é."

Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kí sájẹ́ǹtì tó bá a wá yọ ìwé náà kúrò lára ògiri.

Ọmọ náà jókòó ní ilé ìdáná. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Báàgì aṣọ rírọ̀ kan wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó ti kún, ó ti fa síìpù rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ìgbà wo lẹ rí wọn kẹ́yìn?"

"Aago mẹ́rin. Mo yí wọn. Mo gbé tíì wọlé ní mẹ́jọ ààbọ̀, wọ́n ti lọ."

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ ilé?"

"Àbúrò mi ọkùnrin."

"Báàgì yìí ń kọ́?"

"Mo fẹ́ lọ wo ẹranko inú igbó ní gúúsù Áfíríkà. Erin, pàápàá." Bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù ló ṣe sọ ọ́. "Ọjọ́ mẹ́wàá péré."

"Ta ni ì bá dúró ti ìyá?"

"Àbúrò mi. Ó ti gbà."

Ìnsípẹ́kítọ̀ wo ẹ̀yìnkùlé láti ojú fèrèsé. Ohun kan ṣoṣo ló wà lórí okùn aṣọ: ìrọ̀rí kékeré tí wọ́n ń kọ́ sọ́rùn nínú ọkọ̀ òfurufú. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, sájẹ́ǹtì ní: "Ọ̀gá, ọkùnrin yẹn ló ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ ti tán."

"Èmi náà ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi. N kò tíì pa ẹnì kankan níbẹ̀."

Bátìrì ọkọ̀ ni àbúrò náà ń tà. Ojú rẹ̀ ti wú, ó ti sunkún.

"Èmi gbà kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lánàá pé kí n wá dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ní n kò lè ṣe é. Ọmọ mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù, ta ló máa dìde yí ìyá lóru? Mo ní ẹ̀gbọ́n, a kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Ìyá ni ẹrù tó wà lórí yín. Ìrìn-àjò wo tún ni?"

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kò burú. Wọ́n pa fóònù."

"Níbo lẹ wà ní aago márùn-ún òwúrọ̀ yìí?"

"Ibí náà ni. Láti aago mẹ́ta la ti ń já bátìrì. Àwọn mẹ́fà tó já a nìyẹn, ẹ bi wọ́n. Ẹ má wulẹ̀ wò mí báyẹn, mà. Ojú mi ò dáa láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi."

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ ohun kan náà.

Ọkùnrin tó ń bá obìnrin náà ṣètò ìrìn-àjò ní yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwòrán ilẹ̀ kún ara ògiri rẹ̀.

"Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́," ló fi kí wọn.

"Ẹ fi òwe sílẹ̀. Ẹ sọ ti obìnrin náà fún mi."

"Ọdún méjì la fi ṣètò ẹ̀. Wọ́n bi mí pé oṣù wo ni erin ń pọ̀. Mo ní ìgbà tí koríko bá gbẹ, tí omi kù síbì kan, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Mo ní kí wọ́n má kó aṣọ dúdú tàbí búlúù, eṣinṣin burúkú kan fẹ́ràn àwọ̀ yẹn. Ni wọ́n bá ra gbogbo nǹkan ní àwọ̀ ewé gbígbẹ. Ọwọ́ mi ni wọ́n ti ra ìrọ̀rí ọrùn."

Ó na irú rẹ̀ kan sí i. Ìnsípẹ́kítọ̀ já fọ́nrán kan lára rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ṣì ń lọ?"

"Hẹn, ìyẹn gan-an dà mí láàmú. Ọkọ̀ òfurufú kékeré ló ń gbé èèyàn wọ inú igbó lọ́hùn-ún, a gbọ́dọ̀ mọ ìwúwo oníkálukú. Ẹni tí kò bá sọ tirẹ̀ títí di ọ̀sán òní, àyè rẹ̀ bọ́. Wọ́n pè lálẹ́ àná pé kí n fi àyè àwọn sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dúró ti ìyá. Àfi bí mo ṣe jí tí mo rí èyí." Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú wọn. *Ẹ má fi àyè mi sílẹ̀ mọ́. Kílò méjìlélọ́gọ́ta.* Aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú ló wọlé. "Mo ní Ọlọ́run ti bá wọn ṣe é."

Lọ́sàn-án, wọ́n padà sí ilé náà. Wọ́n ti gbé òkú lọ. Ọmọ náà wà ní yàrá ìyá rẹ̀, ó ń ká aṣọ ìbora.

"Ẹ jókòó, mà," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Ohun tí mo rí ni màá sọ."

Ó tẹ́ ìwé ara ògiri sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ ní ẹ kò mọ̀ pé wọ́n ti kú títí di mẹ́jọ ààbọ̀. Ọdún mọ́kànlá, ẹ kò fo wákàtí kankan. Aago mẹ́fà òní ṣófo. Kí ló dé?"

"Mo sùn lọ."

"Ẹ kò sùn. Ní mẹ́fà kọjá ogójì, ẹ kọ̀wé sí ọkùnrin ìrìn-àjò."

"Àbúrò mi ti gbà."

"Mo ti débẹ̀. Kò gbà. Ẹni tí kò rí adípò lálẹ́ àná tó sì lè lọ ní òwúrọ̀ yìí, ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí wọ́n máa dúró tì mọ́. Òwú tó wà lẹ́nu ìyá, ìrọ̀rí ọrùn yín ló ti wá. Gbogbo ẹrù yín wà nínú báàgì, òun nìkan lẹ fọ̀."

Obìnrin náà kò sẹ́. Ó ń wo ìwé náà.

"Ohun kan kò yé mi," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Ẹ ì bá kàn kọ 'apá ọ̀tún' síbẹ̀. Bóyá n kò ní mọ̀."

"Mi ò yí wọn." Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Mi ò lè kọ ohun tí mi ò ṣe."

Sájẹ́ǹtì wo ilẹ̀.

"Mo yí wọn láago mẹ́rin, mo jókòó. Mo rò ó pé mẹ́fà ń bọ̀, mẹ́jọ ń bọ̀, mẹ́wàá ń bọ̀. Mo lọ fa ìrọ̀rí yẹn yọ nínú báàgì. Wọn ò lè jà. Lẹ́yìn ẹ̀ mo ya irun wọn. Mo ń retí kí inú mi dùn, tàbí kó bàjẹ́. Kò sí èyí tó wá."

Ìnsípẹ́kítọ̀ ká ìwé náà. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí i.

Wọ́n fi í sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Kí wọ́n tó dé ìkóríta kejì, ó ti sùn, ó ń hanrun, ẹnu rẹ̀ là. Kò jí nígbà tí wọ́n wọ ọgbà tẹ́ṣàn, kò jí nígbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnì.

"Ọ̀gá, ṣé ká jí wọn?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ bojú wẹ̀yìn wò ó, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìlẹ̀kùn.

"Jí wọn," ló wí.