Iná Ọ̀sán Nínú Ìyẹ̀wù Mashood

Òwú dúdú ni Adéjọkẹ́ rò pé òun mú dání nínú ìyẹ̀wù ṣọ́ọ̀bù Mashood, oníṣòwò òwú ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ́ńjìnnì amúnáwá bú lẹ́yìnkùlé, ìyẹ̀wù tí kò ní fèrèsé mọ́lẹ̀ kedere, àṣé òwú aró ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wòkè. Gílóòbù funfun kan gùn bí ọ̀pá lára àjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà.

“Ṣé oòrùn lẹ gbé wọlé ni?”

“Iná tó fara wé e ni,” Gbádégẹṣin, oníṣẹ́ iná, dáhùn. “Kí èèyàn lè mọ àwọ̀ nínú ilé bí ẹni tó wà níta. Àmọ́ ẹ má wo iná nìkan, èmi náà wà níbí.”

Adéjọkẹ́ rẹ́rìn-ín. Gbogbo òwú ṣọ́ọ̀bù ló tún wò kó tó lọ. N ò bá a wí. Ẹnu ya èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí náà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí irú iná bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, lóṣooṣù ni Gbádégẹṣin ń wọ lọ́rì lọ rí Adéjọkẹ́ nílé wọn ní Ọ̀yọ́. Nígbà tó tọrọ rẹ̀ láti fi ṣaya, Àkànjí, bàbá ọmọ náà tó ń hun òfì ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kọ̀ jálẹ̀. Nílé wọn, wọn kì í ra òwú láì gbé e síta wò.

“Oòrùn nìkan ló mọ àwọ̀. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú ọ̀sán, kí ni kò ní ṣe ayédèrú rẹ̀?”

Adéjọkẹ́ sunkún, ó bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà láti wá sí ṣọ́ọ̀bù Mashood wá fojú ara rẹ̀ wo iná náà. Ó gbé aṣọ ẹtù tó ti hun sílẹ̀ de ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ dání, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ iná.

“Báwo lo ṣe rí i?” ló bi Gbádégẹṣin.

Adéjọkẹ́ náà ti rí àbùkù kan lára aṣọ náà. Bí ẹnìkan bá bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó parí nìyẹn.

Gbádégẹṣin dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú. Òwú dúdú wà nínú aró yìí, ilà kan.”

Àkànjí gbé ẹtù síta, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún nínú oòrùn. Ìgbà òjò ló hun ún, àtùpà ló fi ríran. Ó pẹ́ kó tó wọlé.

“Ohun tí iná yìí sọ náà ni oòrùn sọ,” ló wí, ó gbójú sókè, ó ń wo gílóòbù náà tìyanutìyanu. “O mọ̀ pé o lè dákẹ́, kí n fọmọ fún ọ?”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

“Ẹni tó ń wá ọmọ mi tí kò purọ́ fún mi, kò ní purọ́ fún un. Dìde.”

Adéjọkẹ́ fẹ́ tú ilà náà, bàbá rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí wọ́n ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì sínú oòrùn, Adéjọkẹ́ fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sórí ilà dúdú tó wà lára ìró ẹtù rẹ̀.

“Olówó orí mi, ṣé ẹ rí i?”

“Mo rí i,” ló wí, kò sì gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.