Rédíò Tí Awwal Gbé Wá Tọrọ Mi

Ariwo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ojú rẹ̀, ariwo náà ni mo sì kọ́kọ́ kórìíra. Lọ́dún 1999 ni. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà ní Òkè Fìà, l'Óṣogbo, ní òdìkejì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ báyìí, rédíò àwọn oníṣẹ́ yẹn á ti máa han. Oníbàárà á ní òun fẹ́ ọ̀dà funfun, èmi á lọ gbé aláwọ̀ ewé fún un. Wọ́n á máa wò mí bí ẹni tára rẹ̀ kò yá.

Nígbà tó sú mi, mo sọdá títì.

"Ta ló ni ariwo yìí?"

Àwọn lébírà nawọ́ sí káfíńtà kan tó jókòó sórí pákó, tó rọra ń mu tíì. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó tún wò mí láti ilẹ̀ padà sókè. Ó ga, ó dúdú, ó sì mọ̀ pé òun lẹ́wà. Èyí tó mọ̀ yẹn gan-an ló bí mi nínú jù.

"Rédíò là ń pè é," ó ní. "Àbí wọn ò ní irú ẹ̀ ní Iléṣà ni?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé Ìjẹ̀ṣà ni mí?"

"Ohùn ẹ ló sọ fún mi."

Mo pòṣé. Ká má purọ́, n kò rí irú rédíò bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ikú yá ju kí n sọ ọ́ létí rẹ̀. Ó tóbi tó gálọ́ọ̀nù ọ̀dà méjì, ó pọ́n bí ìyeyè, irin àti rọ́bà líle ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí i ká. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú dírìlì kan tí kì í lo wáyà. Inú rédíò náà ni wọ́n ń ki bátìrì dírìlì bọ̀ kó lè gba iná. Bí NẸ́PÀ bá sì múná lọ, bátìrì yẹn náà ni rédíò á máa fi sọ̀rọ̀. Awwal ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ó sì ń ṣe bí ẹni pé òun ló ni Amẹ́ríkà.

Kò dín ariwo kù. Èmi náà kò dákẹ́ èébú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lébírà kan tó ń jẹ́ Ọdúntán fọ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì sá a sórí rédíò náà. Ohùn Awwal gba gbogbo àdúgbò.

"Ọdúntán! Ṣé okùn aṣọ ìyá ẹ lo rí níbẹ̀ ni? Ó ń gba iná lọ́wọ́, ara ẹ̀ ń gbóná, o wá fi aṣọ tútù bò ó! Ṣé o fẹ́ sun gbogbo wa ni?"

Mo rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì dùn mí pé mo rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni òjò kan ṣú lójijì. Gbogbo wọn ń du sìmẹ́ńtì, àfi Awwal. Rédíò ló gbé mọ́ àyà, ó fi ọwọ́ kejì gbé àpótí irin kékeré kan, ó sì sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi láì kan ilẹ̀kùn.

"Ta ló ní kó o wọlé?"

"Òjò ni."

"O fi sìmẹ́ńtì onílé sílẹ̀, o ń gbé rédíò sá kiri. Ọkùnrin tó ń tọ́jú rédíò bí ìyàwó!"

"N kò tíì níyàwó," ó ní. "Àbí ò ń béèrè ni?"

Mo ní kó ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri tó bá wù ú, kó lè yé wò mí. Ó kọ̀. Ó gba aṣọ gbígbẹ lọ́wọ́ mi, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó nu orí wáyà náà títí, ó ní òun kò ní fi nǹkan tútù kan iná. Mo wá bi í pé kí ni irin wúwo tó ń gbé káàkiri yẹn.

"Fóòtì àádọ́fà ni iná tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Ìlọ́po méjì ẹ̀ ni NẸ́PÀ ń gbé wá. Transfọ́mà kékeré ni irin yìí, òun ló ń dín in kù kó tó dé ọ̀dọ̀ rédíò. Bí wọ́n bá kì í bọ ògiri tààrà, ó parí nìyẹn."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ló kọ́ mi. Mo kì í bọ ògiri níwájú gbogbo ọ̀rẹ́ mi. Kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tó fi jóná. Ìpénpéjú mi bá a lọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dìrọ̀ mọ́ agolo ọ̀dà. Alágbèéraga tó jó ìpénpéjú ara rẹ̀! Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ kejì, bí oníbàárà bá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo máa ń rí i tó ń sáré lọ yí rédíò náà wálẹ̀. Bí oníbàárà bá lọ, á tún yí i sókè. Kò sọ fún mi rí pé òun ń ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀, bí mo tilẹ̀ ń bú u lọ.

Nígbà tó yá, kò pè mí ní Ìjẹ̀ṣà mọ́, kò sì pè mí ní Phebe bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè mí. Ó ti wádìí oríkì mi lẹ́nu ẹni tí n kò mọ̀. "Àbẹ̀kẹ́ mi," ni yóò máa wí, "sọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi kílẹ̀ tó ṣú." Mo sì máa ń sọ ọ́ fún un.

Àwọn òbí wa ló kù. Ìyá mi, Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti inú oyún, káwọ́ lérí. "Mùsùlùmí? Ará Òṣogbo? Káfíńtà?" Ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tu ewúro jáde lẹ́nu. Ìyá Awwal, Fàtímọ̀, ní tirẹ̀ bi í léèrè bóyá gbogbo obìnrin Òkè Baálẹ̀, àdúgbò wọn, ti kú tán ni, tó fi jẹ́ Ìjẹ̀ṣà ẹlẹ́nu mímú tó ń ta ọ̀dà ló kàn. Wọn kò tíì ríra, wọ́n ti kórìíra ara wọn dénú eegun. Ó gbà wá tó ọdún kan kí wọ́n tó gbà pé àwọn á pàdé nílé wa ní Iléṣà.

Bàbá mi ni Ògúndélé. Òṣómàáló ni wọ́n nígbà èwe wọn, àwọn tó ń ru aṣọ títà káàkiri ìlú, tí wọn kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí wọn kò bá tíì rẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọn kò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan.

"Rédíò yẹn ni mo fẹ́ gbé fún bàbá," Awwal sọ fún mi.

"Nǹkan iṣẹ́ ẹ? Kí lo wá fẹ́ máa fi gba iná sí bátìrì?"

"Màá fọwọ́ lu ìṣó. Kí ni mo tún ní tó dáa jù ú lọ, Àbẹ̀kẹ́?"

N kò rí èébú kankan fún un lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ ìtọrọ, Awwal ló ṣíwájú àwọn ará ilé rẹ̀ dé. Kò síná. Ó gbé rédíò sí ẹ̀gbẹ́ àga bàbá mi, ó so ó mọ́ àpótí irin, ó so àpótí irin mọ́ ògiri sílẹ̀ de NẸ́PÀ. Bátìrì ló ń gbé e sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má yọ ọ́ kúrò lára irin yìí o. Iná tiwa pọ̀ jù fún un." Bàbá mi ń mi orí, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibòmíràn ni wọ́n ń wò. Awwal jáde lọ pàdé àwọn òbí rẹ̀ lójú títì.

Bí ó ti jáde ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ohùn rẹ̀ kéré," wọ́n ní. "Irin yìí ló ń fa agbára rẹ̀ mu. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dé ulé Bándélé."

Bándélé ni aládùúgbò wa tí ọmọ rẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n fún. Láti ìgbà náà ni bàbá mi kò ti sùn dáadáa mọ́.

"Bàbá, kò síná ni, bátìrì ló wà lórí ẹ̀. Bí ẹ bá yọ irin yẹn, tí NẸ́PÀ bá dé, á jó."

"Ta ni bàbá nínú àwa méjèèjì? Ṣé uná tí mo ń lò láti ọjọ́ yìí ni ùwọ fẹ́ kọ́ mi?"

Wọ́n fa orí wáyà rédíò yọ lára irin, wọ́n kì í bọ àpótí ẹlẹ́nu púpọ̀ tí gbogbo wáyà ilé wa ń kó sí, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ti irin náà sábẹ́ àga. Mo sáré kí n lọ bá Awwal, ìyá mi mú mi lọ́rùn ọwọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Níbo? Wọn kì í rí ọmọ tí wọ́n wá tọrọ títí wọ́n á fi pè é."

"Màmá, rédíò yẹn..."

"Ṣé rédíò ló fẹ́ fẹ́ ẹ ni?"

Wọ́n tì mí mọ́ yàrá. Mo ń gbọ́ wọn láti ibẹ̀. Sàláúdéènì, bàbá Awwal, ṣàdúà. Barnabas, àbúrò bàbá mi, gba àdúrà tó gùn ju tirẹ̀ lọ, kí wọ́n má bàa rò pé àwa kò mọ̀ ọ́n gbà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè pé NẸ́PÀ ti múná dé.

Mo gbọ́ ìró kan, gbòlà! Igbe gba ilé kan. Ìyá mi ṣílẹ̀kùn, èmi náà yọjú. Èéfín dúdú ti bo pálọ̀, bàbá mi fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí àga, apá tí wọ́n nà láti yí ohùn rédíò sókè ṣì wà lókè. Barnabas ti gbé abọ́ omi.

"Ẹ má da omi sí i!" Awwal kígbe. Ó fo ẹsẹ̀ àwọn àgbà kọjá, nǹkan tí ẹnì kan kì í ṣe níwájú àna, ó sáré débi mítà, ó pa gbogbo iná ilé. Ìgbà náà ló tó wá fa wáyà yọ, tó gbé rédíò náà síta. Ó ti yọ́ mọ́ra.

Nígbà tó padà wọlé, bàbá mi ti rí ohùn wọn.

"Ukú ni wọ́n gbé wọ ulé mi," wọ́n ní.

"Bàbá, ta ló yọ ọ́ lára irin?"

"N kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí o ti gbé e sí ló wà."

Fàtímọ̀ dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, gbogbo àwọn èèyàn rẹ̀ sì dìde tẹ̀ lé e. Barnabas, tó fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ rọrùn fún ara rẹ̀, ní kí ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, kó gbà pé òun jẹ̀bi, kí ìtọrọ lè máa lọ. Awwal wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ mi orí sí i pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú tí rédíò náà fi sílẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Inú bí mi gidigidi. Ọkùnrin tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí ní gbogbo Òkè Fìà! Bí wọ́n bá fi mí fún un lórí irọ́ yìí, ẹni tó gbé ikú wọlé ni wọ́n á máa pè é títí ayé. Bí mo bá sì la ẹnu, mo lè má fẹ́ ẹ mọ́. Mo mọ méjèèjì. Mo jáde láì jẹ́ pé ẹnì kan pè mí.

"Awwal, dìde! Irọ́ lò ń pa. Bàbá mi ló yọ irin yẹn, ojú mi ló ṣe. Wọ́n ní kí Bándélé lè gbọ́. Ẹ wò ó lábẹ́ àga wọn."

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo abẹ́ àga. Irin náà wà níbẹ̀.

"Phebe, o pa mí!" ìyá mi ké.

"Ṣé ẹ gbọ́?" Fàtímọ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹnu tó ń tú bàbá rẹ̀ láṣìírí lójú àlejò. Ṣé òun la fẹ́ gbé relé?"

Awwal kò dìde.

"Bàbá," ó ní, ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, "n kò bẹ̀bẹ̀ nítorí rédíò mọ́. Mo ń tọrọ ọmọ yín. Mo mọ ẹnu ẹ̀, òun ló kọ́kọ́ wù mí. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Bí ẹ bá lé mi, màá tún padà wá dọ̀bálẹ̀."

Bàbá mi ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn tí èéfín ti sọ di dúdú. Gbogbo ìbínú tó wà lọ́kàn mi rọ̀, ẹ̀rù pé iná ì bá ti pa wọ́n ló kù, mo sì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Awwal.

"Ṣé ó lè pa mí ni?" wọ́n bi í pẹ̀lẹ́.

"Ó lè pa yín, bàbá."

"Ùwọ sì mọ̀ pé èmi ni mo yọ ọ́, o wá dọ̀bálẹ̀ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ bí i."

Bàbá mi wo Fàtímọ̀ àti ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì kọ ojú sí mi.

"Phebe, kí lo kúnlẹ̀ ń wò? Gbé ujókòó fún àwọn àna mi."