Iyán Tí A Gún De Àlejò Tí Kò Dé

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìtùnúolúwa kọ́kọ́ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ààrò búrẹ́dì ní Ìkẹ́rẹ́, síńgílẹ́ẹ̀tì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára nítorí òógùn, ó ń fi igi gígùn fa páànù jáde. Kò tíì yíjú padà tí Ìtùnú ti mọ̀ ọ́n. Akíndélé ni. Ta ló ń gbàgbé ẹ̀yìn ọkùnrin tó sá fún un?

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pàdé ní Kérésì kan tó ti kọjá. Olùkọ́ ni Ìtùnú ní Ẹmùré. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi oṣù Kejìlá, ó máa ń lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Màmá Fisáyọ̀, tó ni ilé búrẹ́dì náà. Orí tábìlì kan náà lòun àti Akíndélé ti jọ ń po fúláwà. Akíndélé ní búrẹ́dì Ìtùnú tẹ́ bíi fìlà àgbàlagbà, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ láti kọ́ ọ, kò sì tètè gbé e kúrò. Kí ọdún tó parí, ó ti ṣèlérí pé òun á kó àwọn ènìyàn òun wá láti Ìlawẹ̀ láti tọrọ rẹ̀.

Bàbá Ìtùnú yọ iṣu tó dára jù. Wọ́n gún iyán, wọ́n se ẹran ìgbẹ́, wọ́n to àga síta. Àlejò ò dé. Fóònù ò lọ. Nígbà tó dalẹ́, àwọn ará àdúgbò jẹ iyán náà tán, wọ́n tún wá ń fi Ìtùnú ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ gbọ́ ná, irú ìwà wo nìyẹn? Ìyá Akíndélé ló ní ọmọbìnrin náà dàgbà ju ọmọ òun lọ. Ó dáa, ìyá ti sọ tirẹ̀. Ṣé ìyá ló pa fóònù?

Ní ìsinmi tọdún yìí, Ìtùnú bá Akíndélé ṣiṣẹ́ láì dá a lóhùn. Bí Akíndélé bá kí i, orin ìjọ ló máa ń kọ. Àmọ́ nígbà tí Kérésì ku ọ̀la, Akíndélé ká a mọ́ yàrá tí wọ́n ti ń po fúláwà. Ó ní òun ò tíì fẹ́ ẹnikẹ́ni.

"Ojo ni mí," ó ní. "Mi ò ní fi orúkọ ìyá mi bo ara mi mọ́."

Ìtùnú gbé ọwọ́ láti gbá a létí. Àyà rẹ̀ ni ọwọ́ náà bà lé, àyà náà gbóná, ó rin fún òógùn, ọwọ́ náà sì kọ̀, kò kúrò. Wọ́n fẹnu konu bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tipẹ́. Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Inú wá bí Ìtùnú sí ara rẹ̀, ó tì í dànù, ó jáde.

Gbogbo òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Àmì àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì Akíndélé wà ní ẹ̀yìn aṣọ Ìtùnú, fúláwà funfun báláú. Màmá Fisáyọ̀ béèrè pé kí ni yóò tẹ̀yìn ọwọ́ yẹn wá.

Ìtùnú kọjú sí Akíndélé. "Kò sẹ́ni tí yóò gún uyán dè ọ́ mọ́ ní ulé bàbá mi. Bó o bá ń bọ̀, ìwọ ni wàá gún un, lójú gbogbo àdúgbò. Ìyá rẹ á sì wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì Kérésì, bàbá Ìtùnú ò gbé àga kankan síta. Ó ní ẹ̀gàn ẹ̀ẹ̀kan tó òun. Ọ̀sán ni Akíndélé dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ àti iṣu tirẹ̀. Ìyá náà kúnlẹ̀ nínú eruku, ó bẹ̀bẹ̀. Bàbá Ìtùnú jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n se iṣu náà, Akíndélé bọ́ ẹ̀wù, ó mú ọmọ odó. Àwọn tó jẹ iyán ọjọ́sí jáde wá wò ó. Ó gún un títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, kókó ṣì wà níbẹ̀.

Ìtùnú wò ó pẹ́. Ìbínú rẹ̀ ò tíì tán, kò sì purọ́ pé ó ti tán. Ó wá mú ọmọ odó kejì, ó dúró ní òdìkejì, ó ń gún un tẹ̀lé e.

"O ṣì ń ṣe kókó," ó ní.

"Kọ́ mi, olólùfẹ́ mi."

Bàbá rẹ̀ dìde.

"Ẹ gbé àga síta," ó ní. "Àlejò ti dé."