Àmín Mẹ́fà Lórí Fóònù

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń sọ̀rọ̀?" ni mo béèrè nígbà tí mo gbé fóònù ṣọ́ọ̀bù, tí ohùn inú rẹ̀ máa ń jáde síta.

Ohùn àgbà ló dáhùn, ó kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀. "Ọmọ mi, èmi ni bàbá tó ń bá ọ̀gá yín tún kọ̀ǹpútà ṣe. O ò ní ṣi ọkọ fẹ́."

"Àmín, sà."

Ilé ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo wà, èmi àti ọmọkùnrin kan tí a ń pè ní Mo-ti-mọ̀-tẹ́lẹ̀. Antí tó ń kọ́ wa níṣẹ́ ti jáde lọ ra ínkì. Ọ̀la ni ìdánwò àṣekágbá. Iṣẹ́ tí àwa ọmọ iṣẹ́ mẹ́jọ fi oṣù mẹ́ta ṣe, inú ímeèlì ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ fi han olùdánwò, kò ní gba ìwé ẹ̀rí.

"Àìsàn kan ti wọ kọ̀ǹpútà yín," ni bàbá náà wí. "Bí n ò bá tètè wọlé láti ibi tí mo wà, á jẹ iṣẹ́ yín tán. Kí ni páswọ́ọ̀dù ímeèlì yẹn?"

Ọjọ́ kìíní gan-an ni Antí ti kọ́ wa pé ẹni tó bá mọ páswọ́ọ̀dù ti di onílé.

"Ẹ má bínú, sà, Antí ní ká má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Háà! Èmi tí mo bí ẹni tó ju ọ̀gá yín lọ, èmi lò ń pè ní ẹnikẹ́ni?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ó dáa. Ọmọ tìrẹ náà ò ní já ọ kulẹ̀."

"Àmín, sà." Ni mo bá kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, àfi bí ẹni pé ó ń rí mi. Wọn ò kọ́ mi nílé pé kí n bá àgbà jiyàn. Ó ṣàdúrà, mo ṣe àmín, mo pe lẹ́tà méjì. Ó tún ṣàdúrà, mo tún ṣe àmín, mo pe nọ́ńbà. Nígbà tí àmín fi máa pé mẹ́fà, páswọ́ọ̀dù ti tán lẹ́nu mi. Bàbá ò tiẹ̀ dágbére tó fi pa fóònù.

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé olè ni!" ni Mo-ti-mọ̀-tẹ́lẹ̀ wí.

"Kí ló wá dé tí o ò sọ?"

"Àdúrà yẹn ló dùn. Èmi náà ń ṣe àmín."

Mo sáré tẹ páswọ́ọ̀dù. Kọ̀ǹpútà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Olè ti pààrọ̀ rẹ̀.

"Má sọ nǹkan kan," ni ọmọkùnrin náà wí. "Bí Antí bá dé, a ó ní iná ló ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà bá gbàgbé. Ta ló máa mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Èmi tí n kì í lè kí àlejò sókè, báwo ni màá ṣe sọ irú èyí? Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi máa ń wí pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo pe Antí.

"Antí, mo ti sọ páswọ́ọ̀dù fún olè, mà."

Ó béèrè pé: "Nígbà wo?"

"Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún, mà."

Nọ́ńbà fóònù Antí ni wọ́n fi ṣí ímeèlì náà, olè ò sì tíì ráyè yọ ọ́ kúrò. Níbi tí Antí dúró sí ní ìsọ̀ onínkì ló ti béèrè fún páswọ́ọ̀dù tuntun, tó sì lé ọkùnrin náà jáde.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i," ló wí nígbà tó dé, "ẹ̀yin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ì bá máa wo ara yín lójú lọ́la." Ó bá mi wí dáadáa. Ti Mo-ti-mọ̀-tẹ́lẹ̀ ló tún pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kejì, olùdánwò ka ìbéèrè kẹta: "Bí ẹni tí o kò mọ̀ bá pè ọ́, tó ń béèrè páswọ́ọ̀dù, kí ni wàá ṣe?"

Orí méje yí sí ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ kọjú síwájú! Ẹ má jíwèé wò!" ni olùdánwò kígbe.

Mo kọ ọ́ pé: "Màá kí i dáadáa, màá pa fóònù, màá sì pe ọ̀gá mi lórí nọ́ńbà tí èmi fúnra mi mọ̀. Bí mo bá sì ti ṣàṣìṣe, màá tètè jẹ́wọ́. Ọ̀wọ̀ ló tọ́ sí àgbà, àṣírí ilé kò tọ́ sí i."