Ìbọn Idẹ Tí Lemuel Kò Fẹ́ Jù Sómi

Ọ̀rẹ́ mi, bóyá ohun kan wà lọ́wọ́ rẹ tí o kò lè jọ̀wọ́. Gbọ́ ìtàn Lemuel Haskett, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà láyé àtijọ́.

Láti kékeré ló ti wà lójú omi. Ó jagun, ó gba oyè. Ìbọn ńlá kan tó gbà lọ́wọ́ ọ̀tá wà lórí ọkọ̀ rẹ̀, idẹ ni. Wọ́n fín orúkọ Lemuel sí i lára, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń nù ún títí yóò fi máa dán.

Ìgbà tó wà lókun ni Mehitabel, ìyàwó rẹ̀, kú. Ọwọ́ àjèjì ló pa ojú rẹ̀ dé. Láti ìgbà náà, Lemuel kò gbàdúrà mọ́. Àṣà ọkọ̀ ogun ni pé kí ọ̀gá máa dá jẹun nínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá yẹn ni ọtí ti di alábàárò rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan, tí ilé kù sí dẹ̀dẹ̀, kùrukùru bo òkun. Asa Pruitt, igbákejì rẹ̀, tí wọ́n jọ wọṣẹ́ ní èwe, súnmọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká rọra. Ẹ jẹ́ ká ju òjé olókùn sísàlẹ̀, ká mọ bí omi ṣe jìn tó."

"Asa, ojo ti wá mú ọ báyìí? Èmi ni n ó máa fi okùn wá ọ̀nà ilé ara mi? Ẹ ta gbogbo ìgbòkun!"

A kì í já ọ̀gá níyàn lórí ọkọ̀ ogun. Wọ́n ta á.

Ọkọ̀ gun iyanrìn, kò lè lọ mọ́. Ìgbì ń lù ú, omi ń wọlé. Wọ́n ń ju ohun tó wúwo sómi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Nígbà tó kan ìbọn idẹ, Lemuel dì mọ́ ọn.

"Ẹ má fọwọ́ kan èyí!"

Pákó ń ya lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Asa gbàgbé òfin ọkọ̀.

"Lemuel! Ṣé torí idẹ lo fẹ́ fi pa ọmọ ọlọ́mọ? Orúkọ rẹ lo dì mọ́, kì í ṣe ìbọn. Jésù kò kọ̀ ọ́ nígbà tí Mehitabel lọ. Ìwọ lo tilẹ̀kùn mọ́ Jésù. Jọ̀wọ́ ìbọn yìí, ọ̀rẹ́ mi."

Ọwọ́ Lemuel rọ. "Olúwa, ẹ̀bi mi ni. Gbà mí."

Èjìká ara rẹ̀ ló fi tì í. Ìbọn rì. Ìgbì ńlá kan dé, ọkọ̀ mì, ó sì léfòó.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, níwájú ìgbìmọ̀ ológun tó gbọ́ ẹjọ́ bí ọkọ̀ ṣe gun iyanrìn, àwọn kan fẹ́ di ẹ̀bi ru kùrukùru. Lemuel ní, "Rárá o. Asa kìlọ̀ fún mi, mo fi í ṣẹ̀sín." Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ibojì Mehitabel lọ, ó kúnlẹ̀, ó sì gbàdúrà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, omi ti ń wọlé. Kí ni ìwọ ṣì dì mọ́? Jésù ń dúró dè ọ́. Jọ̀wọ́ ohun tí o dì mọ́ yẹn lónìí, kí ó tó fà ọ́ rì.