Ọjọ́ Méje Tí Mosúnmọ́lá Fi Bá Àkànkẹ́ Jẹun

Ohun tí a fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn tó mọ ilé náà ní Àyèká ṣì wà láàyè, bí wọn kò tilẹ̀ fẹ́ kí a dárúkọ àwọn. Ẹni tó bá rò pé àlọ́ ni, kí ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán ná kí ó tó kà á.

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni. Ilé kan wà ní ìpẹ̀kun Àyèká tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ sí, kí adájọ́ Okitipupa tó dá ẹjọ́ wọn. Mosúnmọ́lá ni olùtọ́jú ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ìwé mẹ́fà ló kà. Ìyókù, ojú àti ọwọ́ ló fi kọ́ ọ. Òun ló ń kó àwọn ọmọ náà ṣiṣẹ́. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, wọ́n á mọ ọ́n ní púpurú roboto, wọ́n á tò ó sórí àjà iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Òun náà ló ń sọ irú ọmọ tí ọmọ jẹ́.

Èyí ìkẹyìn yìí ló wúwo. Ọmọ tó bá ta ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ méje lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ keje, Ọ̀gbẹ́ni Benedict, ọ̀gá tí ìjọba fi ṣe alábòójútó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, á gbé fọ́ọ̀mù dé. Ìbéèrè inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni adájọ́ ń wò: ǹjẹ́ ọmọ yìí tún lè ṣe ènìyàn léṣe? Bí Mosúnmọ́lá bá ní rárá, ọmọ á bá ìyá rẹ̀ lọ. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á gbé e lọ sí ọgbà olódi kan lọ́nà jíjìn, títí á fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún.

Màmá Helen, ìyá àgbà tó ń se oúnjẹ níbẹ̀, ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí Mosúnmọ́lá tó dé. Òun ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n kan.

"Bá a jẹun nínú àwo kan náà. Èéfín nìwà. Ẹni tí ẹ jọ ń ki ọwọ́ bọ ọbẹ̀, kò lè fi tiẹ̀ pamọ́ fún ẹ."

Ọmọ mọ́kànlá ni Mosúnmọ́lá ti fi ọgbọ́n yìí mọ̀, kò sì tíì ṣì í rí. Ọmọ oníjà á máa já ẹja gbà. Èyí tó ń di kùnrùngbùn á máa wo ọwọ́ rẹ, kò ní wo ojú rẹ.

Ni wọ́n bá mú Àkànkẹ́ dé láti Erinje.

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ tónítóní. Ẹ̀sùn rẹ̀ kò mọ́. Ọ̀dọ̀ Àrìnkẹ́, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀, ló ń gbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n bá Àrìnkẹ́ nílẹ̀ yàrá, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹran ti kúrò ní apá òsì rẹ̀, ó ku egungun. Ipa eyín wà yí ibẹ̀ ká. Àkànkẹ́ nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọlọ́pàá bi í léèrè. Ó ní, "Ìyá Àrìnkẹ́ fúnra wọn ni wọ́n jẹ apá wọn."

Ọlọ́pàá gbá a létí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Mosúnmọ́lá gbé púpurú tí wọ́n ti rò bí àmàlà àti ọbẹ̀ marúgbó kalẹ̀. Ọbẹ̀ ewé náà dúdú kirikiri. Ó ní kí ọmọ náà fọ ọwọ́.

"Ẹ má bá mi jẹ ẹ́, àǹtí."

"Kí ló dé? Àbí ọwọ́ mi dọ̀tí lójú ẹ?"

"Rárá, mà. Àwo tèmi wà lọ́tọ̀ nílé wa. Ìyá mi ló yà á sọ́tọ̀."

"Ìwọ kọ́ lọba Erinje. Bu òkèlè."

"Ọ̀dọ̀ Ìyá Àrìnkẹ́ náà, mo sọ fún wọn, wọn kò gbọ́."

"Mo ti bá àwọn tó gbó ju ìwọ lọ jẹun. Bu òkèlè, mo ní."

Àkànkẹ́ bu òkèlè. Kò já ẹja gbà. Kò wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ló jẹ, ó jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Omijé sì ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Mosúnmọ́lá ní agídí ni.

Ọjọ́ kẹta. Ọ̀sán gangan. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ewúrẹ́ kò ké. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ ti rà nínú omi, òórùn rẹ̀ wọlé, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Mosúnmọ́lá ti Àkànkẹ́ mọ́ yàrá, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Ó fẹ̀yìn ti ògiri.

Ohun tó tún mọ̀ ni pé oòrùn ti yẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ kan ti kú sẹ́yìn ilé. Kì í ṣe ọ̀bẹ ló pa á. Wọ́n ti bu ọrùn rẹ̀ jẹ, wọ́n tún tu apá kan sílẹ̀. Eṣinṣin ti bò ó.

Ó sáré lọ sí yàrá. Àgádágodo wà bí ó ṣe wà. Ó ṣí i. Àkànkẹ́ jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, wọ́n mọ́. Ẹnu rẹ̀ gbẹ.

"Ta ló pa pẹ́pẹ́yẹ?"

Ọmọ náà kò wo ojú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ lọ fi omi fọ ẹnu, àǹtí."

Mosúnmọ́lá lọ sídìí ìkòkò omi. Nǹkan kan há sáàárín èrìgì rẹ̀. Ó fi èékánná fà á. Ó rọ̀. Ó funfun. Ó tún fa òmíràn. Ó ní egungun ẹja ni. Egungun ẹja kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bì títí ìfun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e. Ohun tó bì, ó fi ẹsẹ̀ wa yẹ̀pẹ̀ bò ó. Kò wò ó.

Síbẹ̀, ó tún bá ọmọ náà jẹun lálẹ́. Ọjọ́ méje ni iṣẹ́ wí, kò pa ọjọ́ kan jẹ rí. Ó fẹ́ dá ọwọ́ dúró, ọwọ́ kò dúró. Ebi ń pa á lọ́nà kan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ti Àkànkẹ́ mọ́lé, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Màmá Helen lọ́wọ́. "Ẹ bá mi wò ó, mà. Ẹ wo èmi náà."

Nígbà tí ó mọ ara rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ló wà lẹ́yìn ilé. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbóná, ó ṣì ń tapá. Ẹnu rẹ̀ kún. Màmá Helen dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú igbá omi.

"Màmá. Ẹ rí mi?"

"Mo rí ẹ."

"Ọmọ náà jáde?"

"Kò jáde. Fọ ẹnu ẹ."

"Ṣé ó ṣe yín bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí ẹ̀ ń bá wọn jẹun?"

Ìyá náà yí ojú sí ibi iná. "Èmi? Èmi kò bá ọmọ ọlọ́mọ kankan jẹun rí. Ara mi kò gbà á. Ibí yìí ni mo ti ń wò wọ́n."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Mo kọ́ ẹ. N kò so okùn mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Mosúnmọ́lá wo ẹnu tó sọ̀rọ̀ náà, eyín obì, itọ́ tó gbẹ sí igun ètè. Ìríra ìyá náà mú un ju ti ìyẹ́ tó wà lórí ahọ́n rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ keje pé. Benedict wọ ọkọ̀ ìjàpá dé, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Ìyá Àkànkẹ́ ti jókòó síta láti àárọ̀, ó fi gèlè di àwo tánganran kékeré kan sórí itan. Ó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé.

"Ilé yín yìí ń rùn," Benedict wí. "Ẹ jẹ́ kó yá, mo ní ọmọ méjì láti wò ní Àjàgbà. Kí ni kí n kọ?"

"Ọmọ náà kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, sà."

"Pẹ́pẹ́yẹ méjì ńkọ́? Wọ́n ti sọ fún mi ní ojú ọ̀nà. Ta ló pa wọ́n?"

Bí Mosúnmọ́lá bá ní òun ni, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn, àwọn ará ìlú á sì dè é mọ́lẹ̀ bí wèrè. Ó wo ilé ìdáná. Màmá Helen wà nínú èéfín, ó ń ro ọbẹ̀, kò gbójú sókè.

"Mosúnmọ́lá, mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Ọmọ náà ni, sà."

"Ṣé ó tún lè ṣe é?"

"Ó tún lè ṣe é."

Bíró họ ìwé, ó tán.

Àkànkẹ́ kò sunkún nígbà tí wọ́n ń tì í wọ ọkọ̀. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi gba àwo mi lọ́wọ́ ìyá mi."

"Àwo wà níbi tí ò ń lọ," Benedict dáhùn. Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Eruku ọkọ̀ rọlẹ̀. Ìyá ọmọ náà dìde, àwo rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó wá dúró níwájú Mosúnmọ́lá.

"Ìwọ lo bá a jẹun?"

Obìnrin náà wò ó bí a ti ń wo egbò tó ti ń jẹrà. Ó fẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ méjì, ó yí padà, ó gba ọ̀nà Erinje lọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan dé láti ọgbà olódi. Benedict kà á sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni Àkànkẹ́, àwọn kò rí i kí ó bínú rí, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ní ó léwu. Wọ́n ní kí ìjọba bá àwọn wá olùtọ́jú méjì míràn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti fara pa, lọ́nà tí àwọn kò lè kọ sínú lẹ́tà.

"Ṣé wọ́n á dá a padà, sà?" Mosúnmọ́lá bi í.

"Lórí kí ni? Adájọ́ ti fọwọ́ sí i. Ọdún márùn-ún ni."

Mosúnmọ́lá kò bá ọmọ kankan jẹun mọ́. Ó ń dá jẹun lẹ́yìn ilé, ó kọjú sí ògiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, ó bu òkèlè mẹ́ta, kò lè gbé ẹ̀kẹrin. Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú àwo, ó gbé e lé itan. Atẹ́gùn kò fẹ́. Ewúrẹ́ kò ké. Ó ń wo àwo náà.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí, púpurú ń dín kù, jẹ́jẹ́, bí Àkànkẹ́ ti ń jẹ ẹ́, ní òkèlè òkèlè.