Ogún Tí Ẹbí Kò Pín

"Irin dà o! Páànù tó ti dípẹtà, bátìrì tó ti kú, ẹ gbé e wá kẹ́ ẹ gba abọ́!"

Láti ẹ̀yìnkùlé ni Ayọ̀kẹ́mi ti gbọ́ ohùn àbókí tó ń ra irin. Ọdún Àjíǹde ku ọ̀la. Gbogbo Kàbà ń gbálẹ̀, wọ́n ń fọ aṣọ fèrèsé, nítorí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Àbújá àti Èkó ti ń wọlé. Adétutù, ìyá rẹ̀, ti lọ sóko lọ wa gbágùúdá. Ayọ̀kẹ́mi ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré jáde.

"Àbókí, ẹ dúró! Irin wà!"

Irin wo ló wà? Àpótí pákó kan lábẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀ ni. Lájídé, bàbá Ayọ̀kẹ́mi, ló ni ín kó tó kú. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ni Lájídé ń ṣe, bó bá sì tú nǹkan kúrò lára ẹ̀rọ, kì í jù ú nù láéláé. Bóòtì tí kò ní nọ́ọ̀tì, béárìn tó ti jẹ, àjákù bẹ́líìtì, gbogbo rẹ̀ ló ń kó pamọ́. Èyí tó bá kéré, agolo mílíìkì ló ń kó o sí, ó wá tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí Ayọ̀kẹ́mi bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tèmi nìyẹn."

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ẹbí jókòó pín ogún. Wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín rédíò àti kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá níwájú ilé, wọn ò fọwọ́ kàn án, nítorí tọkọtaya ló jọ rà á, òun náà sì ni opó yóò fi bọ́ ọmọ. Nígbà tó kan àpótí yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá fẹsẹ̀ tì í. "Ta ni yóò gbé èyí? Ṣé èyí náà ń jẹ́ ogún ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ayọ̀kẹ́mi wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tí ẹbí bá yẹ̀ wò tí wọn ò pín, pàǹtí ni. Ìyá rẹ̀ ló wọ́ àpótí náà wọ yàrá, ó da aṣọ bò ó, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ayọ̀kẹ́mi rò pé ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Virtue. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ni, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba, ilé tiwọn mọ́ fínnífínní. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kí Ayọ̀kẹ́mi, ó fẹsẹ̀ kọ agolo kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bóòtì dà sílẹ̀ wàrà.

"Yéè! Ayọ̀, ṣé ilé lẹ̀ ń gbé ni àbí ìsọ̀ mẹkáníìkì?"

Kò pẹ́ tí "Ayọ̀ Sípéà" fi di orúkọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n á pè é, wọ́n á sì máa fọwọ́ lu tábìlì. Ó ń dùn ún dé egungun. Virtue àti àwọn ọ̀rẹ́ mìíràn tún ní àwọn ń bọ̀ wá jẹun ọdún. Ìtìjú ni Ayọ̀kẹ́mi ń sá fún, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ìtìjú lásán.

Ó ru gbogbo irin náà jáde fún àbókí, ti àpótí, ti agolo. Àbókí fún un ní báàfù rọ́bà ńlá kan, aláwọ̀ sánmà, tó ń dán. Ayọ̀kẹ́mi kó bàtà rẹ̀ sínú àpótí, ó da aṣọ bò ó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ dé.

"Ẹ kú àbọ̀, Ìyá."

"Okun o, ọmọ mi. Ilé mà mọ́ o! Àwọn agolo bàbá rẹ ńkọ́?"

"Mo ti da gbogbo rẹ̀ sínú àpótí."

"O ṣeun. Ta ló ni báàfù yìí?"

"Virtue ló fún mi."

"Áà, ọmọ dáadáa! Olúwa yóò fún un lẹ́mìí gígùn."

Àdúrà náà gún Ayọ̀kẹ́mi láyà, ṣùgbọ́n ó gbé báàfù náà wọlé.

Àwọn ọ̀rẹ́ wá lọ́jọ́ Ajé. Ooru mú, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ iyán, ibẹ̀ ni wọ́n ti dágbére. Ẹnì kan ṣoṣo ò yọjú wo inú ilé.

Lẹ́yìn ọdún, iṣẹ́ pọ̀. Àwọn obìnrin to gbágùúdá wọn síwájú ẹ̀rọ. Lójijì ẹ̀rọ dún gbàù, wíìlì ń yí lásán, kò rin nǹkan kan mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ernest, ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Lájídé. Ó tú ẹ̀rọ, ó fa irin pẹlẹbẹ kékeré kan tó ti kán jáde.

"Màmá, ẹ má mikàn. Èyí ló di wíìlì mú mọ́ ọ̀pá. Ẹ̀rọ yìí ti dàgbà, wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́, ojú ihò tí irin yìí ń wọ̀ sì ti jẹ. Ọ̀gá mi fúnra wọn ló máa ń fi fáìlì rẹ́ ẹ títí yóò fi bá a mu. Wọ́n rẹ́ òmíràn sílẹ̀ kí àìsàn tó dá wọn dùbúlẹ̀. Wọ́n ní inú àpótí ló wà."

"Mo mọ̀," ni Adétutù wí. "Wọ́n sọ fún èmi náà."

Ayọ̀kẹ́mi tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wọ yàrá. Ìyá kúnlẹ̀, ó ká aṣọ kúrò. Bàtà ló bá. Ó gbé ọ̀kan, ó gbé òmíràn, bí ẹni pé irin lè wà lábẹ́ wọn.

"Ayọ̀kẹ́mi, ẹrù bàbá rẹ dà?"

"Ìyá, ẹ dákun. Mo kó o fún àbókí. Báàfù yẹn..." Ẹkún ò jẹ́ kó parí rẹ̀.

Ìyá ò nà án. Ì bá sàn ká ní ó nà án. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Mo ṣàdúrà lé báàfù náà lórí," ó ní. "Èmi náà ò sì ṣàlàyé fún ọ. Bí mo bá ti fẹ́ dárúkọ bàbá rẹ, ẹkún ni."

Ernest àti Ayọ̀kẹ́mi sáré dé ibi tí wọ́n ń kó irin jọ. Ọkọ̀ ńlá ti kó o lọ sí Òkè Ọya. Ernest ní kí alágbẹ̀dẹ kan gé òmíràn. Ó jọ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe déédéé inú ihò náà. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ díẹ̀, irin náà yẹ̀, ọ̀pá là, wíìlì fọ́ yángá. Ernest fi ọwọ́ bojú. "N ò ní ọwọ́ ọ̀gá mi," ó ní.

Bí àwọn oníbàárà ṣe gbé gbágùúdá wọn lọ sí ọ̀nà ibòmíràn nìyẹn. Ìyá gbé páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, òun àti ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ rin gbágùúdá. Páànù ń họ ìka wọn, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Inú báàfù aláwọ̀ sánmà yẹn ni wọ́n ń rin ín sí, torí kò sí abọ́ mìíràn tó tóbi tó o nílé. Ní kíláàsì, Virtue bi í pé, "Ayọ̀, kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?" Ayọ̀kẹ́mi ki ọwọ́ bọ àpò.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ohùn yẹn tún dún ládùúgbò: "Irin dà o!" Lọ́tẹ̀ yìí, Adétutù fúnra rẹ̀ ló pè é. Kí wọ́n tó gbé òkú ẹ̀rọ náà, ó ní kí Ernest tú bóòtì kan kúrò lára rẹ̀. Ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Lọ fi sínú àpótí."

"Ìyá, kí la máa fi ṣe?"

"N ò mọ̀. Bàbá rẹ náà kì í mọ̀ nígbà tó bá ń kó wọn pamọ́."

Àbókí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na báàfù tuntun sí wọn. Kò mọ nǹkan kan. Ìyá mi orí, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọmọ, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ ò bá mọ ìwúlò rẹ̀ nínú ilé yín, ẹ béèrè kí ẹ tó sọ ọ́ nù, ẹ má sì torí ẹ̀rín àwọn tí kò ní bá yín sunkún ta ohun tó ń bọ́ yín. Àwọn tó ń pe Ayọ̀kẹ́mi ní Sípéà ti gbàgbé orúkọ náà tipẹ́. Òun ò gbàgbé. Bóòtì kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí bàbá rẹ̀ lónìí, òun ló sì máa ń nù ún.